Ohun Tó Wà Nínú Àpò Olùkọ́ Ajá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo kí yín o. Àwọn àgbà ìjọ ní kí gbogbo àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ìkórè ọdún yìí, kí ẹ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Mo ti ń fura sí wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá orúkọ mi mọ́ ọn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí owó tó tán. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín ni. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín á kà á dé ìparí, ohun tí èmi náà sì ń fẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ajá ni mo ṣe. Mo ń kọ́ ajá, mo sì ń bá àwọn ènìyàn yan ohun tí ajá wọn á máa jẹ bó bá gbọ́ràn, ohun tí á máa fi eyín rún, àti ohun tí á máa fi ṣeré. Ọlọ́runfẹ́mi ni ìyá mi sọ mí, ṣùgbọ́n ní gbogbo Okumagba Layout ní Warri, Papa Dog ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ràn orúkọ náà títí wọ́n fi rí i pé òun ló rán àwọn lọ sílé ìwé.

Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gùn. Ọkọ̀ ojú omi bàbá mi fọ́, n kò sì mọ ẹja pa, ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mú mi lọ bá ọ̀gá. Owó tí mo gbà? Ẹ má bèèrè. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀gá.

Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Ìlàjẹ bíi tiwa ni, ó ti bá ajá ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà dúdú kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Warri. Bí ọkùnrin náà bá sín, ajá àdúgbò mẹ́ta á jókòó. N kò purọ́. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ kan tó ń kọjá lọ náà jókòó.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ajá. Mo ní, “Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa kọ́ mi ní ajá?”

Ó ní, “Ajá ò ṣòroó kọ́. Ìfura ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ẹ. Na ọwọ́ rẹ.”

Ó gbé egungun màlúù gbígbẹ kan lé mi lọ́wọ́. “Fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó tẹ̀?”

“Kò tẹ̀, sà.”

“Ohun tí èékánná rẹ ò lè tẹ̀, eyín ajá ló máa fọ́ síbẹ̀. Ta ló máa bá a ra eyín mìíràn? Ìwọ ni? Sọ ọ́ nù.”

Egungun adìyẹ tó ti jiná ńkọ́? Ó ní abẹ́rẹ́ ni, pé ẹni tó bá fún ajá jẹ, kó ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Ìṣeré tó bá kéré ju ọ̀nà ọ̀fun ajá lọ, kò ní wọ ilé rẹ̀. Ohunkóhun tí ajá bá máa rún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú abọ́ omi fún ọjọ́ kan gbáko, ká lè rí ohun tó máa dà nínú ikùn. Bó bá wú bí ìrọ̀rí, ó di ti ààtàn. Ẹ̀bùn tí a bá fi ń kọ́ ajá kò gbọdọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ. “Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di oúnjẹ,” ni ó máa ń wí, “ajá tó bá ti yó kò ní ọ̀gá mọ́.” Èyí tí ajá bá sì kọ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni yóò jẹ ẹ́. Mo jẹ fùkù màlúù gbígbẹ lọ́dún náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lálàá pé mo ń ké bí màlúù.

Wọ́n máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀gá ní irọ́ ni. “Ó ń gbọ́ ọ ketekete. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọdẹ ni kò dùn mọ́ ọn.”

Òfin kan wá wà tó ga ju gbogbo ìyókù lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fún ajá ní nǹkan, á kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí wa. Àní ìyàwó rẹ̀ kò mọ ohun tó ń kó sápò. Obìnrin náà rò pé ẹ̀bùn obìnrin mìíràn ló ń fi pamọ́; ó yẹ àpò náà wò lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀ tútù, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ láéláé. “Ohun tí ajá ń jẹ ni kọ́kọ́rọ́ ajá,” ni ọ̀gá wí. “Ṣé o máa ń na kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ sókè lójú ọjà?” Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé Yorùbá la fi ń kọ́ wọn. Àgbáyé ló gbọ́ “sit down”. Olè Warri mélòó ló mọ “jókòó, ọmọ dáadáa”?

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní “bẹ́ẹ̀ ni, sà” sí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ n wá dé ibi tó ń dùn mí.

Nígbà yẹn mo ti gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo sì ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́. Opó kan wà nínú ìjọ wa, Màmá Fèyí, tó ń ta ẹja yíyan. Ilé pákó tó ń kó ẹja sí wà ní Ogbe-Ijoh, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, ilé náà nìkan ni ọkọ rẹ̀ sì fi sílẹ̀ fún òun àti ọmọ mẹ́ta. Àwọn ará ilé ọkọ kò jẹ́ kó sinmi. Lónìí wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ́ ilé náà, lọ́la wọ́n á wá ka pákó. Ni màmá bá ra ajá, ó sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-N-Sinmi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Bingo lẹ ń sọ ajá yín. Láyé ijọ́un, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá há sí lọ́fun ló máa ń fi sọ ajá lórúkọ, á wá máa pè é kíkankíkan kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lè gbọ́. Bí ará ilé ọkọ kan bá ti yọjú, Màmá Fèyí á pariwo, “Ẹ-Jẹ́-N-Sinmi! Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!” Ajá á wò ó. Àlejò náà á wò ó.

Ẹnì kan péré nínú wọn ni kò bá a jà, Bọ̀dá Sọlá, àbúrò ọkọ rẹ̀. Òun ló ń júwe àga fún àwọn àlejò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òjò bá ń rọ̀, òun ló máa fún ọ ní agbòjò. N kò fura sí i. Nínú gbogbo Warri, òun nìkan ni n kò fura sí.

Ọ̀gá ń lọ sílé fún ìsìnkú. Kó tó wọ ọkọ̀, ó ní, “Má gba iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi.” Mo ní, “Ó dáa, sà.” Lọ́jọ́ kejì, Màmá Fèyí dé.

“Fẹ́mi, bá mi kọ́ ajá yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé ẹja mi àfi èmi.”

“Kí la máa fi kọ́ ọ, mà? Owó ẹran ti ga.”

“Ẹran kẹ̀? Ẹja tó ń fọ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń rà á.”

Mo yẹ ẹja náà wò bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Èékánná wọ̀ ọ́. Mo bù ú wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Mo ti inú rẹ̀ yọ egungun. Mo sọ ọ́ sínú omi, ó tú. Ó yege gbogbo òfin, ọ̀fẹ́ sì ni. Inú mi dùn. Ajá náà gbọ́ ẹ̀kọ́ bí ẹni tó ti kà á tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo rò pé ó máa tó bá mi ka Sáàmù. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n bi ara mi, n kò bi í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwa ọkùnrin ìjọ jókòó síta, a ń jẹ pọ́fù-pọ́fù. Ẹnu ń yún mi. Mo dìde, mo fi hàn wọ́n bí mo ṣe ń na ọwọ́, bí mo ṣe ń pàṣẹ, àti ẹ̀bùn ẹja tó ń tẹ̀ lé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí Màmá Fèyí ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, agbọ̀n ẹja méjì ti fẹsẹ̀ fẹ. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí aṣọ tó ya. Ajá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wẹ́rẹ́ bíi díákónì, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn nímú.

Màmá Fèyí ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

“Fẹ́mi, èèyàn méjì ni ajá yìí ń gbọ́ tiwọn. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ ńkọ́?”

“Mo wà níbẹ̀, mà.”

“Títí dé ìparí?”

Mo ti jáde nígbà tí wọ́n ń gba ọrẹ. Ẹ má bi mí ìdí.

Bọ̀dá Sọlá, tó ti wà níbẹ̀, gbá mi léjìká pẹ́lẹ́. “Ìyàwó wa, ẹ má dá ọmọ náà lẹ́bi. Ajá tó ti bá olè jẹun kò ṣeé tún kọ́ mọ́. Ẹ tà á fún àwọn ọlọ́bẹ̀ ata tó ń se ẹran ajá.” Kí n tó mọ̀, ó ti mú ọ̀kan nínú wọn wá láti ẹ̀yìn ọjà Pessu. Ọkùnrin náà fọwọ́ wọn itan Ẹ-Jẹ́-N-Sinmi bí ẹni ń rajà, ó ní, “Madam, dis one go sweet well well.” Ajá náà ń lá ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rẹ́ ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Màmá Fèyí wo ajá, ó wò mí, ó ní, “Ó di Ìsinmi méjì sí òní. Bí nǹkan bá tún sọnù, òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni kó wá mú un.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo fura sí ọlọ́kọ̀ ojú omi, torí pé ó máa ń súfèé. Mo fura sí ìyá ìsọ̀ kejì, torí pé ológbò rẹ̀ sanra ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo fura sí pásítọ̀ wa ìgbà náà, nítorí ìwàásù rẹ̀ ọjọ́ náà kúrú. Mo ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ káàkiri Ogbe-Ijoh, kí n lè rí ọwọ́ wọn gbóòórùn lẹ́yìn náà. Gbogbo wọn ló ń rùn bí ẹja. Níbi tí gbogbo ayé ti ń ta ẹja, kí lo fẹ́ kí ọwọ́ máa rùn?

Ọ̀gá dé lọ́jọ́rú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

“Kí lo fi kọ́ ọ?”

“Ẹja gbígbẹ, sà.”

“Kí lo ní kó máa ṣọ́?”

Bí mo ṣe fẹ́ dáhùn ni ojú mi là. “Ẹja gbígbẹ, sà.”

Ọ̀gá rọra jókòó sórí ilẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kú ni. Ó ní, “Fẹ́mi, ajá náà kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí o gbé fún un ló ṣe. Dìde, jẹ́ ká lọ.”

Ó kọ́kọ́ da ẹja sí gbogbo ilẹ̀. Bí ajá bá na imú sí i, ọ̀gá á fi ọwọ́ bò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Bó bá gbé ojú kúrò tó wo ojú ènìyàn, ìgbà náà ni ẹ̀bùn rẹ̀ máa dé. Ẹ̀bùn wo? Mo rò pé á mú ẹ̀dọ̀ jáde. Ó kọ jálẹ̀. “Ohun tí ẹnu ń jẹ, olè náà lè rà á. Ìṣeré ni mo fẹ́. Màmá Fèyí, ẹ fún mi ní aṣọ kan tí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà.”

Màmá Fèyí wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Ìró ọkọ rẹ̀ ló mú wá, èyí tó máa ń ró nílé bí iṣẹ́ bá tán. Bọ̀dá Sọlá ti tọrọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò fún un. Ọ̀gá ta kókó ńlá mẹ́ta sí i. Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lé kókó kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ó tóbi ju ọ̀fun ajá lọ. Ó gé gbogbo okùn tó lè tú kúrò létí rẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀yin gan-an lẹ máa bá a fà á. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe alásọjù yìí.”

N kò tíì mọ ìdí tó fi pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi wo ìyá yìí, opó tó le koko, tó di aṣọ mú, tí ajá ń fà á gìrìgìrì yí ilé ẹja po. Gèlè bọ́. Bàtà kan lọ sódò. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń kígbe, “Mama, hold am! No gree for am!” Bó ṣe ṣubú lé agbọ̀n tó ṣófo, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fà á. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, Ẹ-Jẹ́-N-Sinmi ń tẹ orí ẹja kọjá lọ wá aṣọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì pé. Gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wà nínú ilé ẹja, mo ká sẹ́yìn agbọ̀n, gbogbo ara mi ń rùn bí ẹja. Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rá tó ń dún. Mo wá gbọ́ ohùn kan tó ní, “Jókòó, ọmọ dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ mi ni. Bí mo ṣe máa ń fa ohùn sílẹ̀ níparí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe fà á. Mo yọjú. Bọ̀dá Sọlá ni, ó na ẹja sókè, ó ká ìka méjì sínú bí mo ṣe fi hàn wọ́n níbi pọ́fù-pọ́fù.

Ajá wo ẹja. Ó wo ojú Bọ̀dá. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó rọra dìde, ó ki ẹnu bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun tí Bọ̀dá wọ̀ fún ìsìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni ń bá màmá ṣeré.

“Yéè! Ẹ gbà mí! Ta ló kọ́ ajá yìí ní ìkọ́kúkọ̀ọ́?”

Mo fò jáde. “Èmi ni! Olè! Bọ̀dá, ẹ̀yin!”

“Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló sọ fún mi? Ìwọ kọ́ lo dúró lójú gbogbo wa, tí o ní bí ajá náà bá ti rí ẹja, kò sí ohun tó máa kọ̀ láti ṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì lo ṣe é! Mo fẹ́ kí ilé náà sú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, kó kó kúrò ńbẹ̀!”

Nígbà tí mo yíjú padà, Màmá Fèyí àti ọ̀gá, tí wọ́n ti yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá Fèyí bọ́ sínú ilé, ó mú aṣọ oníkókó náà, ó mì í lẹ́ẹ̀kan. Ajá fi ṣòkòtò sílẹ̀, ó sá tọ̀ ọ́ wá. Bọ̀dá Sọlá fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan lọ sílé, kò sì júwe àga fún ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ìjọ wa. Àwọn ìyókù kò padà wá ka pákó. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ọlọ́bẹ̀ ata dé pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ẹja ni màmá fún un, ó ní kó máa lọ.

Ó wá kọjú sí mi. Ó nàka sílẹ̀. Ó ní, “Fẹ́mi. Jókòó.”

Mo jókòó.

Mo bi ọ̀gá lójú ọ̀nà ìgbà wo ló ti mọ̀ pé ẹnu mi ló tú àṣírí náà. “Láti ọjọ́rú,” ó ní. “Bí olè bá mọ ohun tí ajá ń jẹ, ẹni tó ń bọ́ ajá ni mo máa ń wò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Gbogbo èèyàn tí mo gbóòórùn ọwọ́ wọn ní Ogbe-Ijoh, kò sí ìgbà kan tí mo gbóòórùn tèmi.

Nísinsìnyí, ayé ti yí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Tóyọ̀, ló ń ta nǹkan ajá báyìí, orí fóònù ló ń tà á sí. Rọ́bà oníhò wà tí èèyàn lè ki oúnjẹ sínú rẹ̀ kí ajá máa lá a. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù kan kí n tó gbà pé ó dára. Ó ń tẹ̀ sí èékánná. Awọ kan wà tí wọ́n ká bí egungun. Mo sọ ọ́ sínú omi lálẹ́. Nígbà tó di àárọ̀, ó ti kún abọ́ dẹ́dẹ́, ó fẹ́ẹ̀ bá mi jáde. Tóyọ̀ ní, “Papa, na imported.” Mo ní kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ajá ti ń kú. Ìṣeré kan tún wà tó ń ké bí ọmọ eku bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa: ajá máa ń wá ohun tó ń ké náà kàn, bó bá sì ti rí i, ó gbé e mì nìyẹn. Ṣokoléètì, àlùbọ́sà, ṣingọ́ọ̀mù, ẹ má fi hàn án rárá, ì báà fojú bẹ̀ yín bí ọmọ òrukàn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nínú yín, ó dára, kò sì dára. Ajá ò ní purọ́ fún ọ. Àwọn tó ni ín ni kí o ṣọ́, kí o sì ṣọ́ ara rẹ pẹ̀lú.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ajá mi sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá tàka lẹ́ẹ̀kan, á dìde, á lọ ti ilẹ̀kùn, á padà wá. Tóyọ̀ ti wo àpò mi, ó ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi oúnjẹ tuntun mẹ́rin dán ajá náà wò. Ó bi mí láàárọ̀ yìí, “Papa, abeg, wetin you dey give am?”

Mo wo ọmọ náà. Ọmọ ọmọ mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Mo kẹ̀yìn sí i, mo ki ọwọ́ bọ àpò.